ÀWÒRÁN ÀWỌN BABA WA: ÌTÀN KÚKÚRÚ NÍPA FÓTÒ ORÍ DÍGÍ

Níbi ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún yìí ní Ìdòfin, ó tọ́ kí a rántí iṣẹ́ ọwọ́ kan tí ó pa ojú àwọn tí ó ti sùn nínú Olúwa mọ́ fún wa. Iṣẹ́ náà ni yíya fótò sórí dígí.

Ní ọdún 1851 ni Frederick Scott Archer, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde ọ̀nà yìí. Ayafótò a da oògùn kan tí ó ki sí ojú dígí, a rì í sínú omi oògùn fàdákà nínú yàrá òkùnkùn, a sì yára gbé e sínú ẹ̀rọ nígbà tí ó ṣì tutù. Bí ó bá gbẹ kí iṣẹ́ tó parí, asán ni gbogbo làálàá rẹ̀. Ẹni tí à ń yà pẹ̀lú gbọ́dọ̀ jókòó jẹ́ẹ́ láìmira. Ní 1871 ni Dókítà Richard Maddox fi ọ̀nà dígí gbígbẹ hàn. Iṣẹ́ rọrùn díẹ̀. Síbẹ̀ ọwọ́ ni a fi ń fọ dígí, oòrùn ni ó ń gbé àwòrán jáde lára ìwé, pẹ́ńsù ni a sì fi ń tún ojú rẹ̀ ṣe.

Iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí Ìjọ wa. George Da Costa, tí a bí ní Èkó ní 1853, kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S. ní Fáájì. Láti 1877 títí di 1895 ni ó ṣe alábòójútó Ilé Ìtàwé C.M.S. ní Èkó. Ó san £30 àti ṣílè 10 láti kọ́ fótò yíyà, ó sì di ògbóǹtarìgì. Ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún kò tijú láti di ọmọ ẹ̀kọ́.

Ṣùgbọ́n àwòrán kò lè dárúkọ ara rẹ̀. Ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ nínú ẹ̀wù àlà, bí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n bá ti lọ tán, àlejò ni yóò jẹ́ nínú ilé ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà ní, bí a kò bá bá ìtàn, a ó bá àrọ́bá. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà. Kí olúkúlùkù wa sọ àwòrán ògiri ilé rẹ̀ kalẹ̀ lọ́dún yìí, kí ó fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ó sì gbé e kúrò níbi tí oòrùn àti ọ̀rinrin ti ń bá a jà.

Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ìrántí àwọn olódodo parun láàrin wa. Àmín.