Ta Ló Fi Iyán Jẹ Olórí?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: "Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú." Kò sí ọmọ Ọ̀bà-Ilé tí kò tíì gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àgbà, pàápàá lọ́jọ́ tó bá ń yínmú sí oúnjẹ. Àwọn àgbà máa ń pa á bí ẹni tó ń dájọ́. Èmi ń kà á bí ìwé ìtàn, torí pé bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé onílé ló wà lókè, àlejò ló wà nísàlẹ̀.

Iṣu funfun tí a fi ń gún iyán kì í ṣe àlejò. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín, òyìnbó kankan kò mú un wá fún wa. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá. Lẹ́yìn tí Columbus gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 1492 ni àwọn oníṣòwò Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun ọ̀gbìn ibẹ̀ wá sí etí òkun wa: àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀pà, tòmátò, ata. Bẹ́ẹ̀ ni, ata! Kí ó tó dé, ìyèré àti ataare ló ń ta lẹ́nu àwọn baba ńlá wa. Mo mọ̀ pé olùkọ́ kan lè dá mi lóhùn pé wọ́n ń fi ọkà bàbà ṣe ẹ̀kọ náà, ọkà bàbà sì jẹ́ ti Áfíríkà. Òótọ́ ni. Àmọ́ gúgúrú kò ní àwíjàre, àgbàdo ni, òwe náà sì fi í sí ìdí pátápátá.

Ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Gàrí tí gbogbo wa ń mu kò tilẹ̀ sí nínú òwe náà rárá. Ẹ̀gẹ́ pẹ́ kó tó tàn káàkiri ilẹ̀ wa. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn Àgùdà ń padà bọ̀ láti oko ẹrú ní Brazil, ni gàrí ṣíṣe tó gbilẹ̀. Lójú tèmi, òwe náà ti dàgbà kí gàrí tó wọlé.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a fi ń gún iyán níhìn-ín, tí àwọn ará Ọ̀yọ́ sì ń ro ọkà, nígbà tó jẹ́ pé iṣu kan náà ni? Oòrùn ni. Èlùbọ́ kì í ṣe nǹkan kan ju iṣu tí a bó, tí a bọ̀ díẹ̀, tí a sá gbẹ, tí a sì lọ̀. Ní Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, ilẹ̀ pápá ni. Ọyẹ́ àti oòrùn á gbẹ ẹ́ láìpẹ́. Ẹ wá sá irú iṣu bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé wa lóṣù keje, kí ẹ wò bóyá kò ní bu. Inú igbó la wà, òjò wa pọ̀, nítorí náà a ń jẹ iṣu wa ní tútù. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ màlúù. Eṣinṣin tsetse inú igbó máa ń kó àrùn tó ń pa màlúù, ìyẹn ló jẹ́ kí ìgbín àti ẹran ìgbẹ́ pọ̀ nínú ọbẹ̀ àwọn àgbà wa, tí wàrà sì fi jẹ́ oúnjẹ apá Ìlọrin. Ní Oǹdó, iṣu tilẹ̀ wọ inú ìtàn ìlú. Wọ́n ní nígbà tí Púpupú, obìnrin tó kọ́kọ́ jọba níbẹ̀, àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí, igi tí wọ́n fi ń ta iṣu ni wọ́n ń gún mọ́ ilẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ. Ibi tí igi náà kò ti wọlẹ̀ ni wọ́n dúró sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti rí Èkìmọ̀gún tí à ń pe ìlú náà.

Ọmọ Ìlàjẹ ni màmá mi, nítòsí Ìgbòkọ̀dá, níbi tí omi ti pọ̀ ju ilẹ̀ lọ. Oúnjẹ wọn ni púpurú. Wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi rọ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á ṣù ú róbótó bí bọ́ọ̀lù, wọ́n á sì tò ó sórí àjà, iná igi á máa jó nísàlẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n á ha dúdú náà kúrò, wọ́n á gún funfun inú rẹ̀, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á sì ro ó nínú omi gbígbóná. Ìyá bàbá mi kọ̀ ọ́ fún ọdún púpọ̀. "Oúnjẹ eléèéfín," ló ń pè é. Màmá mi á kàn rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìyá, níbi tí oòrùn ò bá ti ráyè, iná là ń bẹ̀." Mi ò tíì rí ìwé kankan tó ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé wa nìkan. Ọmọbìnrin Ìlàjẹ kan wà ní kíláàsì wa tí kì í gbé oúnjẹ wá mọ́ láti ìgbà tí àwọn kan ti di imú nígbà tó ṣí abọ́ rẹ̀. Ó ń jókòó láìjẹun títí di agogo méjì. Àwọn tó di imú ń mu gàrí, ẹ̀gẹ́ kan náà láti Brazil kan náà!

Irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi àwọn ará Oǹdó rín nítorí ẹran ajá. Ẹni tó ń rín in kò bi ara rẹ̀ pé ta ló ni ajá. Ajá ni ẹran ìrúbọ Ògún, Oǹdó sì ń ṣọdún Ògún; ẹran tí a bá fi rúbọ, a kì í jù ú nù. Gbogbo ẹ̀sìn ló ní tirẹ̀. Àwọn olórìṣà Ọbàtálá kì í mu ẹmu, Mùsùlùmí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, àwọn ìjọ Sẹ̀lẹ́ náà kì í jẹ ẹ́. Ní Èkó, àwọn ọmọ Àgùdà tó jẹ́ Kátólíìkì ń se frejon, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, ní Good Friday, wọ́n á sì fi ẹja jẹ ẹ́ torí pé ẹran jẹ́ èèwọ̀ lọ́jọ́ náà.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti àkàrà. Àwọn ẹrú Yorùbá gbé e dé Bahia ní Brazil, wọ́n sì ń pè é ní acarajé níbẹ̀ dòní. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, oúnjẹ Ọya sì ni. Nígbà tí àwọn kan lára àwọn alákàrà ibẹ̀ di onígbàgbọ́, wọn kò fẹ́ ta oúnjẹ òrìṣà mọ́, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní bolinho de Jesus, àkàrà Jésù. Orúkọ yí padà, ẹ̀wà inú rẹ̀ kò yí padà.

Iyán ńkọ́ báyìí? Kòkó, tí òun náà jẹ́ ará Amẹ́ríkà, ló gba ilẹ̀ rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Iṣu ń fẹ́ oòrùn, kò lè ta lábẹ́ kòkó tó ti dàgbà. Púpọ̀ nínú iṣu tí à ń rà ní Àkúrẹ́ lónìí, ọkọ̀ ńlá ló ń kó o wá láti Benue, owó ọkọ̀ sì wà lórí rẹ̀. Ní ilé wa, ọjọ́ Àìkú nìkan ni odó ń dún. Ìyá bàbá mi ṣì máa ń bi oníṣu pé ilẹ̀ wo ni wọ́n ti wà á, kó tó yọ owó.