Ìwé Mẹ́fà ní Oko Ìbàdàn: Ìtàn Àlàfo inú Èsì Ìdánwò láti Ọdún 1955

Èsì ìdánwò a máa ka àwọn tó yege nínú àwọn tó jókòó. Kì í ka ọmọ tí kò dé gbọ̀ngàn ìdánwò rárá. Ní àwọn ìlú kéékèèké àti abúlé tó yí Ìbàdàn ká, bí Ìrókò àti Mọ́níyà ní Akínyẹlé, Lálúpọn ní Lágelú, Ẹ̀rúnmu ní Ẹgbẹ́dá àti Akánràn ní Ọ̀nà-Àrà, ọmọ tí a kò kà yìí ni kókó ìtàn. Ẹni tó bá fi èsì ilé-ẹ̀kọ́ oko wé ti ìgboro láìbèèrè àwọn tó ti já sílẹ̀ lójú ọ̀nà yóò ka ìyàtọ̀ ọ̀nà sí ìyàtọ̀ ọpọlọ.

Ìgboro ni ẹ̀kọ́ ìwé ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1853 ni David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀, Anna, tẹ̀dó sí Kúdẹtì, tí wọ́n sì dá ilé-ìwé sílẹ̀. Ibadan Grammar School tẹ̀lé e ní 1913, Government College Ibadan ní 1929. Ìgbé ayé àgbẹ̀ Ìbàdàn ló jẹ́ kí èyí ní ipa tó ṣàrà ọ̀tọ̀. Agboolé ń bẹ nílùú, abà ń bẹ lóko, ẹbí kan náà ló sì ni méjèèjì. Ọmọ tí wọ́n bá yàn fún ìwé yóò wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá nílùú. Àwọn tó kù yóò dúró ti kòkó. Nítorí náà, àárín ọmọ ìyá kan náà ni àlàfo náà máa ń gbà kọjá. Àwọn òǹkọ̀wé tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àjèjì ni ará oko àti ará ìgboro síra wọn kò wo agboolé Ìbàdàn dáadáa.

Ní oṣù Keje 1952, S. O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀. Owó ni ìṣòro. Ìjọba Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bu owó ẹ̀kọ́ àti ìlera lé owó-orí: sílè mẹ́wàá àti sísì lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó ń san owó-orí. Ní oko Ìbàdàn, egbò tí kò tíì jinná ni ìkéde yìí bá. Kò tíì pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gé igi kòkó àwọn àgbẹ̀ lulẹ̀ nítorí àrùn tó ń wú ẹ̀ka kòkó, tí Ẹgbẹ́ Máyégún sì dìde láti takò ó. Adégòkè Adélabú mọ bí a ti ń sọ irú ìbínú bẹ́ẹ̀ di ìbò. Ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́ tó kó jọ, tó sì so mọ́ Ẹgbẹ́ Alákùkọ, gba ìgbìmọ̀ ìlú Ìbàdàn ní 1954. Ní ìparí ọdún náà, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ pàdánù ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ní Ẹkùn tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣàkóso. Àwọn kan ka èyí sí ẹ̀rí pé àgbẹ̀ Ìbàdàn kò fẹ́ ìwé. Ìtumọ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni láti san owó ohun tí wọn kò tíì rí fún ìjọba tó kọ́kọ́ fi àdá pàdé wọn.

Ilẹ̀kùn ilé-ìwé ṣí ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní 1955. Iye ọmọ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn náà fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí 811,000 ó lé. Ọ̀pọ̀ òbí kò ní ìwé ìbí lọ́wọ́, nítorí náà ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí: ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá gba orí kọjá tó sì kan etí kejì ti tó ilé-ìwé. (Ọmọ kúkúrú ní láti dúró de ọdún mìíràn, bó ti wù kí ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀ tó.) Lẹ́sẹ̀ kan náà, ọdún mẹ́jọ tí àwọn ọmọ ń lò tẹ́lẹ̀ di mẹ́fà. Olùkọ́ kò tó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó dúró níwájú kíláàsì kò gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ rí. Ọmọ ìgboro tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀wé lè rí ẹni tún iṣẹ́ náà ṣàlàyé fún un nílé lálẹ́. Ọmọ abà tó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú ilé bàbá rẹ̀ tó di síléètì mú kò ní ju olùkọ́ kan ṣoṣo yẹn lọ. Ìkórè kòkó, tó máa ń bọ́ sí àárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kìn-ín-ní, a sì tún máa fà á kúrò ní kíláàsì ní àsìkò gan-an tí ìdánwò ìparí ọdún ń sún mọ́lé.

Àwọn tó wọ ìwé kìn-ín-ní ní 1955 ṣe ìdánwò ìwé mẹ́fà ní ìparí 1960. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní 1961, tí ìgbìmọ̀ tí S. A. Banjo darí fi jábọ̀ lórí ìjórẹ̀yìn ẹ̀kọ́ àti àìtó olùkọ́ tó gba ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹni tó yege tún yàtọ̀. Ìwé mẹ́fà ni ọ̀fẹ́ parí sí. Girama ń gba owó, ó ń béèrè ìdánwò àṣewọlé, ìgboro sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà. Ilé-ẹ̀kọ́ mọ́dà ọlọ́dún mẹ́ta, tí ìjọba ṣètò fún àwọn tí girama kò gbà, náà ń gba owó. Ọmọ méjì lè gba máàkì kan náà, kí ọ̀kan bá ara rẹ̀ ní girama, kí èkejì padà sídìí kòkó. Nígbà tí ìjà Àgbẹ́kọ̀yà gbaná ní 1968 sí 1969, tí Akánràn di ọ̀kan lára ibùdó rẹ̀, owó-orí ni ẹjọ́. Ṣùgbọ́n àpò tí owó-orí ń gbẹ náà ni owó girama yóò ti jáde.

Apá kan wà nínú àlàfo náà tí owó nìkan kò lè dí. Èdè ni. Láti nǹkan bí ìwé kẹrin ni Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń di èdè ìkọ́ni, òun náà sì ni èdè ìdánwò. Ọmọ ìgboro a máa rí Gẹ̀ẹ́sì lójú pátákó, a máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́. Ọmọ oko kì í sábà bá a pàdé lẹ́yìn kíláàsì. Kì í ṣe oko Ìbàdàn nìkan ni ìṣòro yìí wà, Ilé-Ifẹ̀ sì ni wọ́n ti dán ojútùú kan wò. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A', Mọ̀dákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà títí dé ìwé mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ yìí ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, wọn kò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, apá kan nínú máàkì tí ọmọ oko ń pàdánù nínú ìṣirò jẹ́ máàkì èdè: ó mọ ìdáhùn, ìbéèrè ni kò yé e. Ó yani lẹ́nu pé ìwádìí tó gbajúmọ̀ tó báyìí kò yí èdè ìdánwò padà.

Nígbà tí ìjọba UPN dé ní oṣù Kẹwàá 1979, Bọ́lá Ìgè sọ girama di ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Girama wá hù káàkiri oko. Àwọn ará abúlé fi ilẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ́ kíláàsì. Àwọn àkọ́wọlé ọdún náà dé ìdí ìdánwò WAEC ní 1984. Ariwo pé èsì ti bàjẹ́ gbòde, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn dá lẹ́bi. Òótọ́ ni pé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti ohun èlò kò tó. Síbẹ̀, ìṣirò kan wà tí ariwo náà fojú fò. Ká ní ogún ọmọ jókòó, tí méjìlá yege. Ó dára lójú ju kí ọgọ́rùn-ún jókòó kí ogójì yege, bẹ́ẹ̀ ogójì ju méjìlá lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀. Kí 1979 tó dé, ọmọ Akánràn tàbí Ìrókò tí kò rówó girama kò sí nínú ìṣirò náà. Ní 1984 ó wọlé, gbogbo ohun tí kò rí kọ́ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ sì bá a wọlé.

Òfin ọdún 2004 lórí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ ti sọ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì fagi lé owó ₦3,000 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń san ní 2019. Ẹni tó bá fẹ́ wọn àlàfo tó kù yóò gbé rẹ́jísítà ìwé kìn-ín-ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìrókò sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì WAEC ọdún méjìlá lẹ́yìn rẹ̀, yóò ka orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò sì bèèrè ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tí kò rí mọ́ wà.