Kí Abẹ́rẹ́ Kúrò Lọ́nà: Bí Fọ́nrán Nánò Ṣe Dé Ilé-iṣẹ́ Aṣọ

Láàárín àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ aṣọ, ọjọ́ tí ìwádìí bá jáde ni a sábà máa ń kà sí ọjọ́ tí ìlọsíwájú dé. Ìtàn fọ́nrán nánò kò gbe èrò yìí lẹ́sẹ̀. Àbá wa nìyí: ìmọ̀ bí a ṣe ń ṣe é ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ̀rọ tí yóò máa ṣe é lọ́pọ̀ yanturu ni kò sí.

Fọ́nrán tí ìnípọn rẹ̀ kò tó 1,000 nánòmítà ni àwọn aláṣọ ń pè ní fọ́nrán nánò. Irun orí ènìyàn lè nípọn tó 50,000 nánòmítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ṣe é, wọn a yọ́ pólímà sínú omi kẹ́míkà, wọn a gbà á gba ẹnu abẹ́rẹ́, wọn a fi iná mànàmáná tó tó 10,000 sí 30,000 fólítì sí i. Ẹ̀kán tó wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ a ṣe ṣóńṣó, okùn tín-ín-rín a ta jáde lára rẹ̀, a sì máa fà títí yóò fi gbẹ. Ní 1902 ni John Cooley gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìlànà yìí ní Amẹ́ríkà. Anton Formhals gba tirẹ̀ ní 1934. Ní 1964, Geoffrey Taylor fi ìṣirò ṣàlàyé ṣóńṣó náà.

Kí ló wá fà á sẹ́yìn? Abẹ́rẹ́ kan kì í sábà mú ju gíráàmù kan jáde ní wákàtí kan. Fọ́nrán tí yóò tó ẹ̀wù 200 gíráàmù yóò gbà ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ, tọ̀sán-tòru. Bí a bá sì to abẹ́rẹ́ púpọ̀ pọ̀, agbára iná wọn a máa ti ara wọn, ẹnu wọn a sì máa dí.

Ní ìlú Liberec ní Czech, tí wọ́n ti ń hun aṣọ tipẹ́, ni ojútùú ti wá. Ní 2003, Oldřich Jirsák àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ìlú náà yọ abẹ́rẹ́ kúrò pátápátá. Rólà tó ń yí nínú pólímà ni wọ́n fi dípò. Ọ̀pọ̀ ṣóńṣó a sì yọ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé-iṣẹ́ Elmarco sọ ọ́ di ẹ̀rọ títà, Nanospider.

Ẹnìkan lè jiyàn pé Soviet Union ti ń fi irú fọ́nrán yìí ṣe asẹ́ atẹ́gùn láti ìparí àwọn ọdún 1930. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti àbá wa lẹ́yìn: ibi tí ilé-iṣẹ́ ti dìde sí i ni fọ́nrán náà ti wúlò, kì í ṣe ibi tí ìwé ti pọ̀. Títí dòní, asẹ́ náà ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, nítorí àwọn asẹ́ kan kò nílò ju ìpele tí kò tó gíráàmù kan lórí mítà kan níbùú lóròó.

Wàhálà kò tíì tán. Omi kẹ́míkà ló máa ń pọ̀ jù nínú àdàlù náà, ó gbọ́dọ̀ fẹ́ lọ, òmíràn sì lóró. Kíkó o padà ń náni lówó. Nítorí náà, ìwádìí tó bá sọ bí fọ́nrán ṣe tín-ín-rín tó, tí kò sọ iye gíráàmù tó ń jáde ní wákàtí kan àti ibi tí kẹ́míkà rẹ̀ gbà lọ, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.