Inú Igbá Obì Ni Mo Ti Rí Ọ̀rọ̀ Aáyù

Ìyá mi máa ń gbin ewédú àti ata sínú ike ní ẹ̀yìnkùlé wa n'Íbàdàn. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbin aáyù mọ́ ọn, kí n bá àwọn kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sílẹ̀, nítorí Yorùbá ni wọ́n ń kà. Mo rò pé iṣẹ́ wákàtí kan ni. Orí ọ̀rọ̀ kejì ni mo ti há.

Orúkọ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó so mọ́ra di aáyù, àti fún kànáfùrù. Ẹni tó bá gbára lé ìwé atúmọ̀ èdè nìkan lè kọ ọ́ pé kí wọ́n ri kànáfùrù mọ́lẹ̀, ìyá mi ì bá sì lọ rà á lọ́jà. Mo pa ìwé náà dé, ojú mi bọ́ sínú igbá obì. Gbànja a máa ní awẹ́ méjì, àbàtà a máa ní mẹ́rin, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aáyù náà láwẹ́, bíi mẹ́jọ sí méjìlá nínú odidi kan. Odidi aáyù, awẹ́ aáyù: kò sí ẹni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún.

Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ni mò ń bi ara mi kí n tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kankan: ta ló ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láàárín wa, kí ló sì ń pè é?

Àgbẹ̀ oníṣu ló dáhùn èyí tó pọ̀ jù. Bí mo bá kọ "irúgbìn", ìyá mi yóò máa wá hóró tí wọn yóò fọ́n. Awẹ́ la ń gbìn, bí a ṣe ń gé iṣu gbìn, ebu sì ni àgbẹ̀ ń pe ti iṣu. Mo kọ ọ́ ní ebu aáyù. Ọ̀rọ̀ náà gbé ìmọ̀ràn dání: awẹ́ tó tóbi, tí awọ rẹ̀ kò bó, ni ká ṣà ṣe ebu, ká kó àwọn wẹ́wẹ́ lọ sídìí ọbẹ̀. Ṣóńṣó rẹ̀ ni yóò kọjú sókè, yóò jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5, àlàfo sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 yóò sì wà láàárín méjì. Bó bá ń tóbi nínú ilẹ̀, ó ń ta nìyẹn. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá pọ́n, ó ti gbó. A ó wa á bí ẹni wa iṣu, a kò ní fà á tu.

Ní ti ìkòkò, ajere ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ihò yí ara ajere ká, erùpẹ̀ yóò dà nù. Ihò mélòó kan nídìí ni aáyù ń fẹ́, kí omi má baà dúró kó mú un jẹrà. Mo kọ ọ́ báyìí: ìkòkò tí a lu nídìí, tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 20. Àlàyé gígùn sàn ju ọ̀rọ̀ kúkúrú tó ń ṣini lọ́nà.

Òtútù ló le jù. Láìsí òtútù, aáyù kì í sábà ya awẹ́. Oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá ni wọ́n ń gbìn ín ní Ìlú Ọba, kí òtútù lè bá a nínú ilẹ̀. Ní Nàìjíríà, òkè ọya bíi Sókótó àti Kánò ni wọ́n ti ń gbìn ín jù, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òru ọyẹ́ tutù. Òru Ìbàdàn kò tutù tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà inú fíríìjì ni ebu yóò ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kì í ṣe ibi tó ń di yìnyín. Kí la ó pe ìyẹn? Ọyẹ́ kò bá a mu, nítorí eruku àti ètè bíbó wà nínú ọyẹ́. Mo ṣẹ̀dá ìfòtútùjí. Nígbà tí ìyá mi kà á, wọ́n bi mí pé, "Ṣé ó ti ń sùn tẹ́lẹ̀ ni?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi." Wọ́n ti lóye rẹ̀ nìyẹn.

A fi ìkòkò kan sílẹ̀ láìfi òtútù jí ebu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wa á, ó rí roboto, kò láwẹ́ kankan. Ìyá mi gbé e sókè, wọ́n ní, "Orógbó rèé!" Orógbó kì í láwẹ́ lóòótọ́. Mo pa orúkọ tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ fún aáyù tí kò láwẹ́ rẹ́, mo kọ aáyù orógbó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ ìmọ̀ ọ̀gbìn, ìṣègùn tàbí ẹ̀rọ sí Yorùbá, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó ti ẹni tó ń fọwọ́ ṣe é, kí ẹ gbọ́ ohun tó ń pè é. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ fún ìyá mi, ìfòtútùjí nìkan ni mo ṣẹ̀dá fúnra mi. Ilé ni mo ti bá àwọn yòókù.