Fíríìjì tí Yìnyín Kò Jáde Lẹ́nu Rẹ̀

Àwọn fíríìjì ńlá kan ní ẹnu lójú ilẹ̀kùn wọn. Bí èèyàn bá fi ife ti ọ̀pá kékeré tó wà níbẹ̀, yìnyín á já sínú ife láìṣí ilẹ̀kùn. Amẹ́ríkà ni irú fíríìjì yìí ti gbilẹ̀ jù. Ilé iṣẹ́ Servel ní Evansville, Indiana, gbé èyí tó ń dá yìnyín ṣe fúnra rẹ̀ jáde ní 1953. Ní àwọn ọdún 1960 ni ẹnu ojú ilẹ̀kùn tẹ̀lé e. Nígbà tí ẹnu yìí bá kọ̀ṣẹ́, ọ̀pọ̀ a máa rò pé apá tó ń ṣe yìnyín ló bàjẹ́. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ méjèèjì. Bí yìnyín bá kún inú ike tí fíríìjì ń kó o sí, ọ̀nà tó ń gbà jáde ni kí a yẹ̀ wò.

Irin lílọ́ kan wà nínú ike náà, irú èyí tó wà nínú ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tí a fi ń lọ ẹ̀wà. Mọ́tò kékeré ló ń yí i, tó sì ń ti yìnyín lọ sí ojú ihò. Nítorí náà, etí ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́: kí a ti ọ̀pá náà, kí a sì tẹ́tí.

Bí mọ́tò bá ń dún tí nǹkan kan kò já bọ́, ó sábà máa ń jẹ́ pé yìnyín ti lẹ̀ mọ́ra, ó ti di ìṣù. Ní Nàìjíríà, a mọ bó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀: iná á lọ, yìnyín á yọ́ díẹ̀, iná á dé, omi tó yọ́ á tún dì mọ́ ìyókù. Ilé tí wọn kì í sábà bu yìnyín náà kì í bọ́ nínú rẹ̀, nítorí yìnyín tó bá pẹ́ lójú kan a máa so pọ̀ bí iná kò tiẹ̀ lọ rárá. Kí a yọ fíríìjì kúrò lára iná, kí a fa ike jáde, kí a da yìnyín inú rẹ̀ nù, kí a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan án, kí a sì nù ún gbẹ. Gbígbẹ yìí ni àwọn èèyàn kì í fi sùúrù ṣe, bẹ́ẹ̀ ọ̀rinrin tó bá kù ni yóò lẹ yìnyín tuntun mọ́ irin. Ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ kan ibẹ̀; ike máa ń sán. Nígbà tí a bá ń dá a padà, kí a tì í títí yóò fi wọlé ṣinṣin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mọ́tò á máa yí lásán. Kí a fi tọ́ọ̀ṣì wo ihò náà pẹ̀lú: bí ìdérí rẹ̀ kò bá padé dáadáa, afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin, irú ti Èkó, á wọlé, á sì dì sínú rẹ̀ títí yóò fi dí.

Bí mọ́tò bá dákẹ́ pátápátá, ó lè jẹ́ pé a ti ti ẹnu náà pa ni. Ọ̀pọ̀ fíríìjì ní bọ́tìnnì fún èyí nítorí àwọn ọmọdé. Nínú púpọ̀ wọn, títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 ló ń ṣí i. Ó burú kí èèyàn sanwó fún atúnṣe tí kò ṣe ju kí ó tẹ bọ́tìnnì yìí lọ. Swíìṣì ilẹ̀kùn ló kàn: fíríìjì tó bá gbà pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ kò ní jẹ́ kí mọ́tò yí. Swíìṣì ẹ̀yìn ọ̀pá náà lè kú, wáyà tó gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kọjá sì lè já nítorí ṣíṣí àti pípadé ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ìwọ̀nyí di iṣẹ́ ẹni tó mọ iná.

Bí ike bá ṣófo, omi tàbí òtútù ló kù láti wò. Fíríìsà gbọ́dọ̀ tutù tó nǹkan bí -18°C, fíríìjì tuntun sì lè lo wákàtí 24 kó tó ṣe yìnyín. Fílítà tó dí máa ń fa yìnyín kéékèèké tí inú rẹ̀ ṣófo. Nílé wa, táńkì ni mo máa ń fura sí jù: èyí tó wà ní mítà 5 sókè kì í fún omi ní agbára ju nǹkan bí psi 7 lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ fíríìjì yìí ń béèrè psi 20 ó kéré tán. Pọ́ǹpù kékeré ló ń yanjú èyí. Ní ti tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, fólítì 120 ni wọ́n ṣe é fún, 230 sì ni ti Nàìjíríà. Láìsí tiransifọ́mà tó ń dín iná kù, bọ́ọ̀dù tó ń darí mọ́tò lè jó lọ́jọ́ tí a bá kọ́kọ́ so fíríìjì náà mọ́ iná.