Ike Kì í Làágùn

Ní kíláàsì àwọn ọmọ ọdún márùn-ún kan ní Àkúrẹ́, àǹtí gbé ike omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì sórí tábìlì. Kò pẹ́ tí omi fi ń kán tótó lára ike náà. Àǹtí bi wọ́n pé kí ló ṣe é. Ọmọkùnrin kan ní, "Ó ń làágùn, mà." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àǹtí sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Bí ike bá ń làágùn, a jẹ́ pé inú ike ni omi náà ti ń jáde, bí òógùn ti ń jáde lára ẹni tó ń roko. Ibẹ̀ kọ́ ló ti wá. Ọ̀rọ̀ tó tọ́ sì wà nílé ọmọ náà. Ẹni tó bá gba inú oko kòkó kọjá ní kùtùkùtù lọ́nà Ìdànrè, ìrì á rẹ ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀, síbẹ̀ kò ní sọ pé ewé làágùn. Á ní ìrì sẹ̀. Inú afẹ́fẹ́ ni omi náà wà tẹ́lẹ̀, ara ewé tó tutù ló sẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé omi sẹ̀ sára ike, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wo afẹ́fẹ́.

Àwa tí a ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá fẹ́ràn ọ̀rọ̀-orúkọ jù. Bí a bá rí "sẹ̀", a ó fẹ́ sọ ọ́ di "ìsọdomi-ooru" tàbí nǹkan mìíràn tó kún ẹnu. Ọmọ ọdún márùn-ún kò nílò orúkọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ ló fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀-ìṣe sì pọ̀ nínú ilé ìdáná ju inú ìwé lọ.

Ẹ wo "yọ́" àti "yòrò". Òrí yọ́ nítorí iná. Iyọ̀ yòrò nítorí omi. Ọ̀pọ̀ wa ti ń fi "yọ́" ṣe méjèèjì. Àǹtí tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀ ti kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì kó tó gbé ìkòkò kaná. "Gbẹ" ló ṣòro díẹ̀. Ní Oǹdó, wọ́n sá kòkó sóòrùn, kòkó gbẹ; wọ́n sá aṣọ, aṣọ gbẹ. Omi kò sí nínú gbólóhùn méjèèjì! Èdè ti gbé e pamọ́, àǹtí ló máa béèrè pé: omi rẹ̀ wá dà?

Fífi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1970, Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Modákẹ́kẹ́ ní gbogbo iṣẹ́ àfi Gẹ̀ẹ́sì, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, fún odindi ọdún mẹ́fà. Wọ́n ní láti kọ ìwé rẹ̀ fúnra wọn, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa, títí kan èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èdè-Ìperí, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ti olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ nìyẹn. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ní 2022 ní kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ní 2025 ó wọ́gi lé e. Ní tèmi, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Adéyẹmí l'Óǹdó ni ìbá máa kó ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí jọ láti ẹnu àwọn ìyá wọn.

Ibi tí mo kùnà sí ni "kòkòrò àìfojúrí". A ní kí ọmọ fọ kòkòrò kúrò lọ́wọ́, ó ń wá ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ rẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́. Mo dán "ìdọ̀tí ẹlẹ́mìí" wò fún ọmọbìnrin kan. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ títí, ó ní, "Kí ló wá ń jẹ?"