Ahun Òkun Tortuguero: Bí Ẹran Ọbẹ̀ Ṣe Di Ohun Ìwòran

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, gbogbo wa la mọ ahun. A mọ̀ ọ́n nínú oko, a sì mọ̀ ọ́n nínú àlọ́. Ṣùgbọ́n ahun mìíràn wà tó ń gbé inú òkun. Ó tóbi ju ti oko lọ púpọ̀. Apá rẹ̀ pẹlẹbẹ bí àjẹ̀ ọkọ̀, òun ló sì fi ń wẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn ahun òkun ní ibì kan tó ń jẹ́ Tortuguero. Àwọn ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run níbẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe dáwọ́ dúró?

Tortuguero wà ní orílẹ̀-èdè Costa Rica, ní àárín Amẹ́ríkà. Èdè Spain ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ní èdè náà, "tortuga" ni wọ́n ń pe ahun. Etíkun náà gùn tó kìlómítà 35. Kò sí ọ̀nà mọ́tò tó dé abúlé náà. Ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wọ̀ débẹ̀.

Ahun tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní ahun aláwọ̀ ewé, nítorí pé ọ̀rá inú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Àgbà rẹ̀ máa ń wọn ju 100 kílò lọ. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹwàá, abo a máa gòkè lóru. A fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ ihò sínú iyanrìn. A yé ẹyin bí 100 sínú rẹ̀. A bo ihò náà, a sì padà sínú omi. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, àwọn ọmọ a pa, wọn a sì sáré lọ sínú òkun. Díẹ̀ péré nínú wọn ni yóò dàgbà. Ó máa ń gbà tó ọdún 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí abo tó lè yé ẹyin. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ìdí ìtàn wa wà.

Ní ọdún 1503, Christopher Columbus wa ọkọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ erékùṣù méjì nínú òkun Caribbean. Ahun pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi pe erékùṣù náà ní Las Tortugas, ìyẹn Àwọn Ahun. Lónìí, Cayman ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn náà, àwọn awakọ̀ òkun sọ ahun di oúnjẹ. Ẹran yòókù máa ń tètè bàjẹ́ lójú òkun. Ṣùgbọ́n bí a bá yí ahun dé, tí àyà rẹ̀ kọjú sókè, kò lè rìn mọ́, síbẹ̀ ó lè wà láàyè nínú ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ní London, ọbẹ̀ ahun di oúnjẹ àwọn ọlọ́lá. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1800, ahun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní Cayman. Àwọn ọdẹ ibẹ̀ bá kọrí sí etíkun Cuba, lẹ́yìn náà sí Nicaragua.

Ní Tortuguero náà, ahun ni owó. Títí di àwọn ọdún 1950, àwọn oníṣòwò a máa háyà ọkùnrin láti ṣọ́ etíkun lóru. Olúkúlùkù ní ibi tirẹ̀. Bí ahun bá gòkè, wọn a yí i dé. Ọkọ̀ a wá kó wọn lọ sí ìlú Limón, wọn a sì gba ibẹ̀ dé òkè òkun. Àwọn ènìyàn tún ń wú ẹyin rẹ̀ jẹ. Kí ẹ má rò pé ọ̀dájú ni wọ́n. Iṣẹ́ mìíràn kò pọ̀ níbẹ̀, ọmọ sì gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó bá jẹ iṣu, tó sì jẹ èbù, kí ni yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀? Abo tó wá yé ẹyin ni wọ́n ń mú.

Ní àwọn ọdún 1950 náà ni ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Archie Carr, dé Tortuguero. Láti ọdún 1955, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin kékeré ṣe àmì sí apá ahun. Ẹni tó bá rí àmì náà, tó sì dá a padà, yóò gba dọ́là 5. Àwọn ará abúlé ló mọ ipasẹ̀ ahun lóru, wọ́n sì bá a ṣiṣẹ́. Àmì púpọ̀ padà wá láti Nicaragua, níbi tí ahun ti ń jẹ koríko inú òkun. Ṣùgbọ́n bí àkókò ìyé bá dé, Tortuguero kan náà ni wọ́n ń padà sí. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn. Bí a bá pa ahun etíkun kan tán, kò sí ìrètí pé ti ibòmíràn yóò tètè wá rọ́pò rẹ̀.

Ní ọdún 1975, ìjọba Costa Rica fi òfin dáàbò bo etíkun àti igbó náà. Síbẹ̀, òfin mìíràn ṣì gba àwọn apẹja Limón láàyè láti máa pa iye kan lọ́dọọdún. Ní ọdún 1999, ilé ẹjọ́ gíga fagi lé òfin yìí.

Ṣùgbọ́n òfin nìkan kì í kún ikùn. Kí ni àwọn ará abúlé yóò jẹ? Àwọn àlejò ló mú ìdáhùn wá. Láti àwọn ọdún 1980, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń tọ etíkun kiri. Wọn kò wá jẹ ahun. Wọ́n wá wò ó ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n kọ́ àwọn ará abúlé ní iṣẹ́ afinimọ̀nà. Àlejò kò gbọ́dọ̀ lọ sí etíkun lóru láìsí afinimọ̀nà. Kò gbọ́dọ̀ tan iná, kò sì gbọ́dọ̀ ya fọ́tò, nítorí pé iná ń dẹ́rù ba ìyá, ó sì ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà. Wọ́n ní láti dúró jẹ́ẹ́ títí ahun yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yé, kí wọ́n tó sún mọ́ ọn. Ahun tí a pa, ẹ̀ẹ̀kan la ń tà á. Èyí tó wà láàyè ń mú owó wá lọ́pọ̀ ìgbà.

Láti ọdún 1971 sí 2003, iye ìtẹ́ ahun ní Tortuguero ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àwọn tó ń kà á ti rí i pé ó tún ń dínkù. Ahun kò mọ ààlà. Èyí tí wọ́n tọ́jú ní Costa Rica, wọ́n lè pa á ní Nicaragua, níbi tó ti ń jẹun. Iṣẹ́ náà kò tíì parí.

Ẹ̀yin òǹkàwé, etíkun tiwa ní Benin náà ní ahun òkun. Ní Grand-Popo, wọ́n ń gòkè wá yé ẹyin lóru. Bí ẹ bá pàdé ọ̀kan lọ́jọ́ kan, ẹ pa iná yín. Ẹ dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, kì í ṣe iwájú. Ẹ jẹ́ kó yé tán, kó sì padà sílé.